Àgbàdo Inú Oògùn

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán àwa kan lọ kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí a kò lè gbàgbé. Ọmọdékùnrin kan wà nínú kíláàsì àwọn kékeré, ọmọ ọdún méje ni. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti mú un wá ni ó ti kìlọ̀ fún olùkọ́ rẹ̀ pé àgbàdo jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ òun. Kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé, èèwọ̀ ara ni: bí ọmọ náà bá mu ògì tàbí tí ó bá jẹ ẹ̀kọ, ètè rẹ̀ a wú, ara rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, a sì ń ṣọ́ ọmọ náà dáadáa nígbà tí àwọn olóúnjẹ bá dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ara ọmọ náà gbóná. Olùkọ́ kíláàsì kò sí nítòsí. Ọ̀kan nínú wa ti mú hóró parasẹtámọ́ọ̀lù jáde láti inú àpótí, ó sì ti bu omi sínú ife, nígbà tí ìyá àgbàlagbà tí í ṣe nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ náà wọlé.

Ó bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni o fẹ́ fún un?"

"Oògùn tí ń mú ara gbígbóná rọlẹ̀ ni, mà."

"Èyíinì ni mo mọ̀. Kí ni ohun kejì tí ó wà nínú rẹ̀?"

Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè dáhùn. Màmá Nọ́ọ̀sì yí páálí oògùn náà padà, ó sì fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà wínníwínní kan lẹ́yìn rẹ̀: "maize starch." Àwa tí a ń ṣọ́ ọmọ kí ó má baà jẹ ẹ̀kọ ni a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa fún un ní àgbàdo! Màmá Nọ́ọ̀sì fi omi tútù nu ara ọmọ náà, ó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó sì mú ìgò oògùn olómi kan, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó tó ṣí i. Ìtìjú bá wa púpọ̀. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti wádìí ọ̀ràn náà, kí a sì kọ ohun tí a rí sínú ìwé wa yìí, kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri má baà bọ́ sínú irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

ORÚKỌ ÀGBÀDO

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ là á yé ara wa, kí a má baà da orúkọ pọ̀. Ọkà tí àwọn ọmọ Jákọ́bù lọ rà ní Íjíbítì kì í ṣe àgbàdo. Àlìkámà, ọkà báálì àti irú wọn ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn. Kò sí ẹni tí ó mọ àgbàdo ní Íjíbítì ní ayé ìgbà náà. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni àgbàdo ti wá. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú koríko ìgbẹ́ kan ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣa hóró èyí tí ó dára jù lọ gbìn, títí koríko náà fi di àgbàdo. Lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní ọdún 1492 ni ó tó dé Yúróòpù, láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni àwọn oníṣòwò Pọtogí sì mú un dé etí òkun ilẹ̀ wa. Lónìí ó ti di tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ pé ìhòhò ni ó lọ sí oko, ṣùgbọ́n tòun ti aṣọ àti ọmọ ni ó padà wálé.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "corn," ní ìtumọ̀ méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe àgbàdo. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọkà yòówù tí ó bá pọ̀ ní àdúgbò wọn ni wọ́n fi ń pè. Nítorí náà, "maize" ni a sábà ń rí lára oògùn tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì wá, "corn" ni a sì ń rí lára èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí.

OHUN TÍ Ó GBÉ OÒGÙN

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa ná. Bí bàbá àgbà bá gún àgúnmu, kì í dà á sí ọmọ lẹ́nu ní gbígbẹ. Ẹ̀kọ gbígbóná ni yóò ní kí a fi mu ún. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ rẹ egbò igi, omidùn ni ó sábà máa ń bù lé e lórí. Bí aláìsàn bá sì yá, kò sí ẹni tí yóò wí pé ẹ̀kọ ni ó wò ó sàn. Síbẹ̀, bí kò bá sí ẹ̀kọ, àgúnmu kì bá tí dé ikùn. Ẹ̀kọ ni ó gbé e.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn òyìnbó rí. Nínú hóró oògùn kan, ọ̀nà méjì ni ohun tí ó wà níbẹ̀ pín sí. Èkínní ni ojúlówó oògùn, èyí tí ó ń bá àrùn jà. Èkejì ni àwọn ohun tí kì í bá àrùn jà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ran èkínní lọ́wọ́ kí ó lè ṣe é mọ, kí ó ṣe é gbé mì, kí ó má sì tètè bàjẹ́. Èròjà ìrànwọ́ ni a ó máa pe àwọn wọ̀nyí. Nínú gbogbo wọn, àwọn tí ó ti ara àgbàdo wá pọ̀ gidigidi.

Kí ni ìdí tí a fi nílò wọn? Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. "Folic acid" tí a ń fún àwọn aboyún sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 5 nínú hóró kan. Ṣíbí kékeré kan tí ó kún fún ṣúgà wọn nǹkan bí gíráàmù 4, èyíinì ni mílígíráàmù 4,000. Bí a bá pín ṣúgà náà sí ọ̀nà 800, ìdá kan péré nínú rẹ̀ ni ó tó oògùn tí ó wà nínú hóró náà. Ta ni ó lè fi ìka mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ta ni ó lè wọ̀n ọ́n láìṣìṣe nínú ilé? Nítorí náà ni a ṣe ń pò ó pọ̀ mọ́ ohun mìíràn kí ó lè tó ohun tí ọwọ́ ń mú.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ògì àgbàdo ń ṣe nínú hóró oògùn. Èkínní, ó ń mú kí oògùn kékeré pọ̀ sí i. Èkejì, bí a bá fi omi gbígbóná rò ó, ó ń lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi sítáàṣì lẹ ìwé. Báyìí ni ó ń so lẹ́búlẹ́bú oògùn pọ̀ kí ó má baà fọ́nká. Ẹ̀kẹta ni ó yani lẹ́nu jù lọ: bí a bá fi í sínú hóró ní gbígbẹ, ìgbà tí ó bá dé inú ikùn, tí omi kàn án, yóò fa omi mu, yóò wú, yóò sì tú hóró náà ká kí oògùn lè jáde. Ohun kan náà tí ó so ó pọ̀ ni ó tún ń tú u.

Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kí ó ju hóró parasẹtámọ́ọ̀lù kan sínú ife omi tútù, kí wọ́n sì máa wò ó bí ó ti ń wú, tí ó ń fọ́. Lẹ́yìn náà kí ó kán omi áyódíìnì díẹ̀ sí i: bí sítáàṣì bá wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò di aró dúdú. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún wọn pé áyódíìnì kò lè sọ bóyá ti àgbàdo ni sítáàṣì náà tàbí ti ẹ̀gẹ́ tàbí ti ànàmọ́. Bákan náà ni gbogbo wọn ń rí. Kí ó sì da omi náà nù kí ọmọ kankan má baà mu ún.

BÍ A TI Ń ṢE É

Ẹni tí ó bá ti rí ìyá rẹ̀ nídìí ògì ti rí ilé iṣẹ́ sítáàṣì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀. Ìyá wa a rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan; a lọ̀ ọ́; a fi aṣọ sẹ́ ẹ; èèrí a ṣẹ́kù fún ewúrẹ́; ògì a sì tòrò sí ìsàlẹ̀, omidùn a wà lókè. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí a fi èéfín imí ọjọ́ díẹ̀ sí, ni wọ́n fi ń rẹ àgbàdo fún nǹkan bí wákàtí 30 sí 50. Wọ́n a kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ ní ìlọ̀kúlọ̀ kí wọ́n lè yọ ọmọ inú hóró, èyí tí ó máa ń hù, nítorí inú rẹ̀ ni òróró wà. Wọ́n a tún un lọ̀ kí ó kúnná, wọ́n a sẹ́ èèrí kúrò. Lẹ́yìn èyí ẹ̀rọ a máa yí omi náà bírí-bírí títí èròjà tí ń mú ara dàgbà, tí ó fúyẹ́, yóò fi ya ara rẹ̀ kúrò lára sítáàṣì tí ó wúwo. Báyìí ni hóró àgbàdo kan ṣe di mẹ́rin: òróró, èèrí, èròjà amáradàgbà, àti sítáàṣì.

Ní ọdún 1842, Thomas Kingsford, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jersey City ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí ó dára láti yọ sítáàṣì jáde láti inú àgbàdo. Aṣọ fífọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún. Ní ọdún kejì, 1843, William Brockedon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń tẹ lẹ́búlẹ́bú pọ̀ di hóró. Ayàwòrán ni ọkùnrin yìí. Ohun tí ó ń wá ni bí yóò ti tẹ lẹ́búlẹ́bú dúdú inú pẹ́ńsù pọ̀ kí ó má ṣòfò. Láti inú ìgbìyànjú oníwèé ni hóró oògùn ti jáde wá.

Ṣáájú wọn, ní ọdún 1811, Kirchhoff ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti rí i pé bí a bá fi ásíìdì díẹ̀ se sítáàṣì, yóò di ṣúgà. Ọ̀nà yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan. Lónìí, láti inú sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n ti ń ṣe "dextrose" tí ó wà nínú omi tí a ń fà sí iṣan aláìsàn. "Glucose syrup" tí ó wà nínú súìtì. "Maltodextrin" tí ó wà nínú lẹ́búlẹ́bú oúnjẹ ọmọdé. "Sorbitol" tí ń mú oògùn ikọ́ dùn. Wọ́n tún ń fi ṣúgà àgbàdo bọ́ àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn tí ń ṣe "xanthan gum," ohun tí ń mú oògùn olómi ki, àti èyí tí ń ṣe "citric acid," tí ń mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan díẹ̀. Láti inú èròjà amáradàgbà ni "zein" ti ń jáde, èyí tí wọ́n fi ń bo hóró oògùn mìíràn lára. Òróró rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń yọ́ àwọn oògùn kan tí kò gbà láti yọ́ nínú omi.

ỌMỌ INÚ ILÉ ONÍKỌ́SÍTÁÀDÌ

Kọ́sítáàdì tí a ń mu ní òwúrọ̀, sítáàṣì àgbàdo ni, tí a fi àwọ̀ àti òórùn dídùn sí. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́. Ní ọdún 1837, apoògùn kan wà ní Birmingham tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alfred Bird. Ẹyin adìẹ jẹ́ èèwọ̀ ara fún aya rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyin ni wọ́n fi ń ṣe kọ́sítáàdì nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ wá fi sítáàṣì àgbàdo dípò ẹyin kí aya rẹ̀ lè rí i jẹ. Ìwúkàrà pẹ̀lú kò bá obìnrin náà lára mu. Nítorí náà, ní ọdún 1843, ó ṣe lẹ́búlẹ́bú mìíràn tí ń mú búrẹ́dì wú láìsí ìwúkàrà. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí: àgbàdo tí ó gba aya Bird lọ́wọ́ ìyọnu ni ó jẹ́ ìyọnu fún ọmọ kékeré inú kíláàsì wa.

Omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo pẹ̀lú ní iṣẹ́ ńlá tí ó ti ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 1941, Florey àti Heatley, tí wọ́n ti Oxford wá, dé Peoria ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń wá bí a ó ti rí pẹnisílíìnì tí yóò pọ̀ tó fún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Níbẹ̀ ni Andrew Moyer ti fi omi àgbàdo rírẹ yìí, ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, bọ́ èbu tí ń mú pẹnisílíìnì jáde. Oògùn náà sì pọ̀ sí i ní ìlọ́po púpọ̀. Omi tí a fẹ́ dànù ni ó gba ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn là.

ÌKÌLỌ̀

A kò kọ ìwé yìí kí ẹnikẹ́ni lè máa bẹ̀rù àgbàdo. Ènìyàn púpọ̀ jù lọ ni ó ń jẹ ẹ́ láìsí ewu, àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ kò pọ̀. Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé èròjà amáradàgbà inú àgbàdo ni ara irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń bá jà, kì í ṣe sítáàṣì fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá ti fọ sítáàṣì mọ́ dáadáa, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kéré jọjọ. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn a lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n dókítà ni ó lè sọ ẹni tí ó lè lò ó. Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láti fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò.

Òfin pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́ tó. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2004 pàṣẹ kí a kọ orúkọ oúnjẹ mẹ́jọ tí ó sábà ń jẹ́ èèwọ̀ ara sí ara páálí oúnjẹ gbangba: wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti irú rẹ̀, èso igi eléèpo líle, ẹ̀pà, àlìkámà àti ẹ̀wà sóyà. Ní ọdún 2021 wọ́n fi yànmọ̀tí kún un. Mẹ́rìnlá ni ti ilẹ̀ Yúróòpù. Àgbàdo kò sí nínú èyíkéyìí. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ bíi "dextrose" tàbí "sorbitol" kò sọ ibi tí ó ti wá. Ó lè jẹ́ àgbàdo, ó lè jẹ́ àlìkámà, ó lè jẹ́ ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ó ṣe é nìkan ni ó lè sọ. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èròjà ìrànwọ́ kì í ṣe nǹkan. Ní ọdún 1937 ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ́ oògùn rere kan sínú omi adídùn kan tí í ṣe májèlé, tí à ń pè ní "diethylene glycol." Ojúlówó oògùn náà kò ní ẹ̀bi, omi tí ó gbé e ni ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100, èyí ni ó sì mú kí wọ́n ṣe òfin oògùn tuntun ní ọdún 1938. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tiwa, ní ọdún 2008, májèlé kan náà bọ́ sínú oògùn tí a ń fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín, ọmọ tí ó ju 80 lọ sì kú. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OLÙKỌ́ ṢE

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a bẹ̀ yín. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gba kíláàsì, ẹ bi òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ara ọmọ rẹ̀ kọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn láìjẹ́ pé òbí tàbí nọ́ọ̀sì mọ̀ sí i. Kí ẹ tó ṣí páálí oògùn tàbí agolo oúnjẹ, ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wò bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Bí orúkọ kan kò bá yé yín, ẹ bi apoògùn. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè. Bí ètè tàbí ojú ọmọ bá ń wú, tí kò sì lè mí dáadáa, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yá, ó sì padà sí kíláàsì ní ọjọ́ kẹta. Bóyá hóró kan náà kì bá tí ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì, tí ó tún yíjú sí wa tí ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tíṣà," ilẹ̀ ni a ń wò. Ìyá náà ti sọ ohun gbogbo tí ó yẹ kí ó sọ fún wa. Àwa ni a kò ka èyí tí ó kù.